Ohùn Kò Mọ Ìdúró: Kí Ilé-Iṣẹ́ Tó Gbé Voicemail Rẹ̀ Sórí Virtual Machine

Bí oníbàárà bá pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó gbé fóònù, nínú ohun méjì, ọ̀kan ni yóò ṣẹlẹ̀. Yálà kí ìpè náà já, kí oníbàárà gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, tàbí kí ẹ̀rọ dá a lóhùn, kó ní kó sọ ohun tó bá wá, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tan iná pupa sára fóònù òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òun. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń pè ní voicemail. Nígbà kan, odidi kọ́bọ́ọ̀dù irin ni, tó ní yàrá tirẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, kò ní irin tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ti di virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá, tó ń gbé inú sáfà kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń polówó ètò yìí máa ń sọ pé owó ni yóò dín kù, nítorí sáfà kan ṣoṣo yóò ṣiṣẹ́ sáfà mẹ́wàá. Ìdí yẹn gan-an ni mo rí pé ó ń ba voicemail jẹ́. Virtual machine dára fún voicemail, ó dára gidigidi, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò sí nínú kíkó ẹ̀rọ há síbi kan. Èrè rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ lè gbé iṣẹ́ náà kúrò lórí irin kan bọ́ sórí òmíràn, kí ohùn ẹnikẹ́ni má sì sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ èrè yìí ní láti gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Ohùn gbígbà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan àná. Láàárín ẹ̀wádún 1970 ni àwọn onímọ̀ IBM ti ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Ní 1979, Gordon Matthews, oníhùmọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ ní 1983. Ilé-iṣẹ́ VMX tó dá sílẹ̀ ló ń ta ẹ̀rọ náà, 3M sì ni ilé-iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ rà á. Octel dé ní 1982, ó sì gbòòrò nídìí òwò náà débi pé nígbà tí Lucent rà á ní 1997, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 800 dọ́là ni iye rẹ̀. Ọjà tí gbogbo wọn ń tà jọra: irin àkànṣe, pẹ̀lú káàdì àkànṣe tí wáyà tẹlifóònù ń wọ̀. Bí káàdì kan bá jóná, ẹni tó ṣe é ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá wọlé, tàbí tí ẹlòmíràn rà á tó sì pa ọjà náà tì, voicemail ẹni tó rà á bá a wọlẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò yìí, virtual machine náà ń dàgbà lọ́tọ̀. IBM ti gbé VM/370 jáde ní 1972 fún àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì rẹ̀. VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1998, ló sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú kọ̀ǹpútà tó wà níbi gbogbo. Ọ̀nà méjèèjì pàdé nígbà tí ohùn fi wáyà tẹlifóònù sílẹ̀ tó bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ tí ìpè ti lè gba ojú ọ̀nà kan náà tí ímeèlì ń gbà wọlé, voicemail kò nílò káàdì àkànṣe mọ́, ohun tí kò bá sì nílò káàdì lè gbé orí virtual machine.

Ẹni tí kò bá tíì rí virtual machine rí lè fi ojú ilé oníyàrá púpọ̀ wò ó. Sáfà ni ilé náà, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní hypervisor sì ni onílé. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kò mọ ohun tó wà ní yàrá kejì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ilé. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan náà ni gbogbo wọn ń lò, onílé ló sì ń pín àkókò fún wọn. Ilé ìdáná yìí ni processor. Bí ẹni mẹ́wàá bá fẹ́ dáná lẹ́ẹ̀kan náà lórí ààrò mẹ́rin, àwọn kan yóò dúró. Ìdúró yẹn kò pa ọ̀pọ̀ ayálégbé lára. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ímeèlì lè dúró fún ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣírò owó oṣù lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wá yẹ ká yẹ̀ wò ni pé ṣé ohùn náà lè fara mọ́ irú ìdúró bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi hàn. Ní ìlànà G.711, tó wọ́pọ̀ nínú tẹlifóònù ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń wọn ohùn olùpè ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ báìtì kan. Wọ́n á wá dì wọ́n ní ìdì kéékèèké, 160 báìtì nínú ìdì kan, wọ́n á sì máa fi ìdì kan ránṣẹ́ ní mìlísẹ́kọ́ńdì 20 síra wọn. Mìlísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdì àádọ́ta ló ń wọlé nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan tí olùpè bá fi sọ̀rọ̀ jẹ́ báìtì 480,000. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ 300, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣẹ́jú 20 ọ̀rọ̀ nípamọ́; gbogbo rẹ̀ kò tó gígábáìtì mẹ́ta. Fóònù alábọ́ọ́dé tó wà nínú àpò òǹkàwé lè gbé e, ààyè á sì ṣẹ́kù fún àwòrán. Nítorí náà, dísíìkì kọ́ ni ìṣòro voicemail, agbára ńlá kọ́ sì ni. Pípé lásìkò ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú mìlísẹ́kọ́ńdì 20 kéré, ṣùgbọ́n ó ní láti ṣe é nínú mìlísẹ́kọ́ńdì 20 yẹn gan-an, kó tún ṣe é ní ogún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láìsinmi, fún gbogbo olùpè tó wà lórí ìlà.

Ká wá sọ pé hypervisor dá voicemail dúró fún mìlísẹ́kọ́ńdì 100 péré, nítorí ẹ̀rọ ìṣirò owó oṣù ń lo processor lọ́wọ́. Ó kéré sí ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́. Àmọ́ ìdì márùn-ún ló yẹ kó ti jáde sétí olùpè láàárín àkókò náà, kò sì sí èyí tó jáde. Etí olùpè gbọ́ pé ohùn já, ó padà wá, ó tún já. Bí olùpè ló bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ìdì tó ń wọlé á máa tò sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìdúró náà bá pẹ́ tí ibi ìdúró sì kún, àwọn kan á dà nù, nọ́ńbà kan nínú nọ́ńbà àkántì tó ń kà sílẹ̀ lè bá wọn lọ. Èyí tó tún burú ni ti bọ́tìnì. Níbi tí ìró bọ́tìnì fóònù bá ń bá ohùn rìn pọ̀, bí ìró kan bá já láàárín, ẹ̀rọ lè kà á sí ìró méjì: ẹni tó tẹ 4 lẹ́ẹ̀kan á di ẹni tó tẹ 44. Òṣìṣẹ́ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ bó ṣe tọ́, ẹ̀rọ ní kò tọ́. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tì í pa. Gbogbo ènìyàn á wá dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Kì í sábà yá ẹnikẹ́ni lára láti fura sí sáfà, nítorí bí wọ́n bá wò ó, iṣẹ́ tó ń ṣe kò pọ̀. Òótọ́ sì ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kò kàn rí ààyè ṣe é ní wákàtí rẹ̀ ni. Virtual machine fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró, bí ẹni tó sùn kò ṣe lè sọ iye àkókò tí òun fi sùn.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ló sì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún ohun tí mo ń sọ. Unity Connection ti Cisco wà lára àwọn voicemail tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò jù. Cisco kò gbà kí wọ́n pín core kan, ìyẹn ààrò kan nínú ilé ìdáná náà, fún virtual machine méjì nínú irú iṣẹ́ yìí: core kan fún processor kan tí voicemail bá béèrè, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà kí wọ́n ṣèlérí memory tí sáfà kò ní. Fún ọdún púpọ̀, wọ́n tún pàṣẹ pé lórí sáfà tí Unity Connection bá wà, kí wọ́n fi odidi core kan sílẹ̀ láìlò, kí hypervisor ti VMware lè rí ààyè ṣètò ẹni tó kàn. Ẹ rò ó wò: irin tí a fowó rà, tí ilé-iṣẹ́ tó ta voicemail sì ní ká má fi ṣe nǹkan kan. Asterisk, sọ́fítíwíà tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ tó ní voicemail nínú, náà jẹ́rìí bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Mark Spencer ló kọ ọ́ ní 1999 nígbà tí agbára rẹ̀ kò gbé owó ẹ̀rọ tẹlifóònù ilé-iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú káàdì tẹlifóònù ni Asterisk ti ń mọ àsìkò fún àwọn iṣẹ́ kan. Bí kò bá sí káàdì, wọ́n ní láti fi sọ́fítíwíà dọ́gbọ́n sí i, kó tó di pé Linux, tí Asterisk ń gbé orí rẹ̀, fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó dára láti fún un ní àsìkò. Ọ̀kan jẹ́ ọjà olówó gọbọi, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́, síbẹ̀ ibi kan náà ni bàtà ti ta àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí lè bi mí léèrè pé: bí a kò bá lè kó ẹ̀rọ púpọ̀ jọ sórí sáfà, kí ló wá kù tí a ó fi virtual machine ṣe? Ṣé kò ní dára ká gbé voicemail sórí irin tirẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, Cisco ló sì dáhùn rẹ̀. Láti ẹ̀dà 10, tó jáde ní 2013, wọn kò fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni gbé Unity Connection sórí sáfà ní tààràtà mọ́. Orí virtual machine nìkan ni. Ẹni tó ní kí a má pín core náà ló ní kí a má lo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí virtual machine. Bí kíkó ẹ̀rọ jọ bá jẹ́ gbogbo èrè tó wà níbẹ̀, àṣẹ méjèèjì á lòdì síra wọn. Wọn kò lòdì, nítorí èrè tó ṣe pàtàkì ni pé virtual machine jẹ́ fáìlì. Voicemail tó jẹ́ fáìlì kò bìkítà irú dísíìkì tàbí irú káàdì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí sáfà bá kú lóru, wọ́n lè jí i dìde lórí sáfà mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, láìdúró de ẹ̀yà ara tí ń bọ̀ láti òkè òkun. Bí sáfà bá gbó, wọ́n á gbé voicemail lọ sórí tuntun. Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, wọ́n lè da ẹ̀rọ náà kọ, kí wọ́n yọ ẹ̀dà rẹ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n dán ìmúdójúìwọ̀n wò níbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tí oníbàárà ń pè. Kò sí èyíkéyìí nínú èrè wọ̀nyí tó gba pé ká fi voicemail sínú èrò.

Ṣùgbọ́n fáìlì yìí ní ewu tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ewu náà sì jẹ́ ti ìrọ̀rùn. Ó rọrùn láti ya snapshot, èyí tó ń di ipò ẹ̀rọ mú ní ìṣẹ́jú kan kí a lè padà síbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Nítorí náà àwọn kan sọ ọ́ di ẹ̀dà ìpamọ́, wọ́n ń yà á lóròòru. Àṣìṣe ni. Láti ya snapshot, ẹ̀rọ máa ń dúró díẹ̀, a sì ti rí ohun tí ìdúró díẹ̀ ń ṣe fún ohùn. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tuntun tí wọ́n bá kọ á máa lọ sínú fáìlì mìíràn tó ń sanra sí i. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ tí dísíìkì sì kún, ẹ̀rọ dúró pátápátá. Snapshot náà tún ń gbé orí dísíìkì kan náà tó ń ṣọ́, nítorí náà bí dísíìkì bá kú, wọ́n jọ kú ni. Ẹ̀dà ìpamọ́ tòótọ́ gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fi jí ẹ̀rọ dìde rí kí a tó lè gbà á gbọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó tún yẹ kí ẹ̀rọ kan wà tó lè gbapò èkejì. Unity Connection lè jẹ́ méjì tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí àwọn méjèèjì ń gba ìpè, kí ọ̀kan máa bá a lọ bí èkejì bá ṣubú. Ètò tó dára ni, àmọ́ bí a bá jẹ́ kí hypervisor to àwọn méjèèjì sórí sáfà kan ṣoṣo, a ti sọ méjì di ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí sáfà náà fi kú. Ẹni tó ń ṣètò ní láti kọ ọ́ sínú òfin hypervisor pé àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ sùn sínú ilé kan. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná ọba ti lè lọ láìkìlọ̀, òfin náà gbọ́dọ̀ dé ìdí iná: bí sáfà méjèèjì bá so mọ́ inverter kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni. Inverter náà sì gbọ́dọ̀ lè kìlọ̀ fún hypervisor kó pa àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán, nítorí àkójọ ìsọfúnni tí iná já mọ́ lọ́wọ́ lè má ṣí mọ́.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta ló tún ń fi voicemail sílẹ̀ lóde òní? Coca-Cola pa voicemail ní oríkò rẹ̀ ní Atlanta ní ìparí 2014. JPMorgan Chase tẹ̀ lé e ní 2015 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka báńkì rẹ̀ tó ń bá gbogbo ará ìlú lò, wọ́n sì ní ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là tí yóò yọ lọ́dún. Èmi kò ní sọ pé wọ́n ṣì í ṣe. Òṣìṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ń pè kò nílò rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n JPMorgan fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdáhùn wà. Àlejò tó ń pe ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì lọ́yà tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lóru kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ̀wé sí. Nọ́ńbà kan ló ní lọ́wọ́, ohùn ló sì ní lẹ́nu. Kò sì tọ̀nà ká sọ pé ayé ti sú ohùn gbígbà sílẹ̀. Ní 2022, WhatsApp kéde pé ohùn bílíọ̀nù méje ni àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ wa ni ká tilẹ̀ ti wá wò ó: ìyá tí kò lè kọ̀wé, oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ọmọ tó wà ní London, ohùn ni gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́. Ohun tó kù fún ilé-iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ohùn náà. Ohùn tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sórí fóònù òṣìṣẹ́ jẹ́ ti fóònù òṣìṣẹ́; ọjọ́ tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rí ohun tí oníbàárà sọ bá a lọ. Èyí tó bá wà nínú voicemail ilé-iṣẹ́ ń dúró ti ilé-iṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní kí ilé-iṣẹ́ má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu: kó san owó oṣooṣù fún àwọn tó ń ṣe voicemail lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí sáfà di wàhálà ẹlòmíràn. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà, mo gbà pé ìmọ̀ràn rere nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ kí ẹni tó bá gbà á mọ̀ pé inú virtual machine náà ni ohùn rẹ̀ ṣì wà, nínú ilé onílé, kò sì sí ohun tí mo ti sọ tí kò kàn án. Ó kàn jẹ́ pé kò lè yọjú wò ó mọ́ ni. Jíjìnnà náà ní owó tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan já létíkun Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lára wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú; àwọn báńkì wà lára ẹni tó jìyà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn tí voicemail rẹ̀ ń gbé ní Yúróòpù kò lè dá oníbàárà tó wà ní Mọ́kọ́lá lóhùn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà nínú ìlú kan náà. Ibi tí virtual machine bá ń gbé ṣe pàtàkì bí ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú rẹ̀.

Àtakò kan ṣẹ́kù tó tọ́ sí ọkàn ọ̀rọ̀ mi, n kò sì ní fò ó. Mo ní èrè virtual machine ni òmìnira kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ta irin. Ǹjẹ́ a kò ti fi olówó ẹrú kan rọ́pò òmíràn? Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Broadcom parí ríra VMware. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n dáwọ́ títa láísẹ́ńsì tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì ń lò títí dúró. Gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa san àsansílẹ̀ ní àkókò àkókò. AT&T, tó ní nǹkan bíi virtual machine 75,000 lórí sáfà bí 8,600, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2024 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí irú erin bẹ́ẹ̀ bá lè kọsẹ̀, kí ni ti èkúté ilé? Ẹni tó ń lo Unity Connection tún há sí i, nítorí fún ọdún púpọ̀ hypervisor VMware nìkan ni Cisco fọwọ́ sí. Òótọ́ ni àtakò yìí, mo sì gba apá kan rẹ̀: ẹni tó kàn gbé voicemail sórí virtual machine kò tíì lómìnira. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà báyìí tí kò sí nígbà kọ́bọ́ọ̀dù irin. KVM, tó jẹ́ hypervisor ọ̀fẹ́, ti wà nínú Linux láti 2007, Proxmox tó ń lò ó sì wà láti 2008 fún ẹni tó fẹ́ ohun tó rọrùn láti darí. Asterisk tó ń gbé orí wọn lè tọ́jú ohùn ní fáìlì WAV lásán, tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè gbé ohùn inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ tó rà, kó bi ẹni tó ń tà á bóyá voicemail náà lè ṣiṣẹ́ lórí hypervisor méjì ó kéré tán, àti bóyá wọ́n lè kó gbogbo ohùn inú rẹ̀ jáde ní irú fáìlì tí ẹlòmíràn lè ṣí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ti padà síbi tí VMX àti Octel fi í sí.

Ohun tó rọrùn láti gbé fún wa náà rọrùn láti gbé fún olè. Ayé ti rí ohun tí ọwọ́ àìtọ́ lè fi voicemail ṣe. Ìwé ìròyìn News of the World ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà láti 1843, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2011 nígbà tó hàn gbangba pé wọ́n ti ń wọnú voicemail àwọn ènìyàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn; nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn onífóònù kò yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lórí virtual machine, olè kò nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan pàápàá: bó bá da fáìlì ẹ̀rọ náà kọ, ó ti kó ohùn gbogbo oníbàárà lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dà tí a yà fún ìdánwò, ẹ̀dà ìpamọ́ ti èṣín, gbogbo wọn ní ohùn nínú. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka irú ohùn bẹ́ẹ̀, níbi tó bá ti tọ́ka sí ènìyàn kan, mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò. Kí wọ́n pa fáìlì náà mọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò fi ní lè kà á, kí wọ́n ka iye ẹ̀dà tó wà, kí wọ́n sì pa èyí tí kò wúlò mọ́ rẹ́.

Nígbà náà, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé ètò yìí wá bá kó ọ̀rọ̀ iye sáfà tí yóò dín kù sẹ́yìn ná. Kó ní kí wọ́n fi hàn òun bí ẹ̀rọ voicemail náà ṣe ń dúró tó ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. VMware ń kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ CPU Ready, Linux sì ń fi í hàn lábẹ́ àmì st bí ènìyàn bá tẹ àṣẹ top. Kó ní kí wọ́n pa sáfà kan lójú òun, kí òun pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, kí òun sì gbọ́ bóyá wọn yóò dá òun lóhùn. Kó ní kí wọ́n jí ẹ̀dà ìpamọ́ dìde, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ohùn tó wà nínú rẹ̀. Ìdánwò mẹ́ta yìí kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Ètò tó bá yege nínú wọn yẹ ní rírà, kódà bó bá ní kí wọ́n fi core kan sílẹ̀ láìlò. Èyí tó bá kùnà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, owó tó dá padà kò ní tó san gbèsè rẹ̀, nítorí oníbàárà tí ohùn rẹ̀ já sọnù kì í pe ilé-iṣẹ́ padà láti fẹjọ́ sùn. Ó ti gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ti gbọ́ òun, yóò sì máa retí ìdáhùn títí tí yóò fi lọ bá ẹlòmíràn dòwò pọ̀.